Ìbò Aráàlú Jẹ́ Àṣírí, Ìbò Káńsẹ́lọ̀ Gbọ́dọ̀ Ní Orúkọ

Nígbàkigbà tí ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ bá ń súnmọ́ ní Ìbàdàn, ohun tí a máa ń bára wa sọ ni ẹni tí yóò gba tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́, ẹni tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ fọwọ́ sí, àti bóyá àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ yóò ṣe òótọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kéde èsì, tí àwọn káńsẹ́lọ̀ sì ti búra wọlé, ọ̀rọ̀ ìbò ti parí lẹ́nu wa nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ìgbà náà gan-an ni ìbò mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ìbò tí àwọn tí a yàn ń dì láàárín ara wọn nínú ilé ìgbìmọ̀, lórí ìnáwó ìjọba ìbílẹ̀, lórí owó tí àwọn ọlọ́jà yóò máa san, lórí ibi tí a ó máa da ìdọ̀tí sí. Ìbò yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ó dá mi lójú pé ọ̀nà tí wọ́n sábà ń gbà dì í kì í jẹ́ kí ará wọ́ọ̀dù mọ ohun tí aṣojú rẹ̀ ṣe ní orúkọ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ alága ìjọba ìbílẹ̀ wọn, tí wọn kò sì mọ̀ pé ìgbìmọ̀ kan wà tó yẹ kó máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ìbàdàn kò ní ìgbìmọ̀ ìlú kan ṣoṣo. Lọ́dún 1991 ni wọ́n pín Ibadan Municipal àtijọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún: Àríwá, Àríwá-Ìlà-Oòrùn, Àríwá-Ìwọ̀-Oòrùn, Gúúsù-Ìlà-Oòrùn àti Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn. Bí a bá fi mẹ́fà tó yí àárín ìlú ká kún un, ìyẹn Akínyẹlé, Ẹgbẹ́dá, Ìdó, Lágelú, Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà-Àrà, gbogbo rẹ̀ di 11 nínú 33 tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Wọ́ọ̀dù 351 ni ìpínlẹ̀ náà ní. Mẹ́rin nínú márùn-ún ti àárín ìlú ní wọ́ọ̀dù 12 lọ́kọ̀ọ̀kan, Àríwá-Ìwọ̀-Oòrùn nìkan ló ní 11. Wọ́ọ̀dù kan, káńsẹ́lọ̀ kan. Gbogbo olùdìbò ìjọba ìbílẹ̀ náà ló sì jọ ń yan alága. Alága ni aláṣẹ. Àwọn káńsẹ́lọ̀ ni aṣòfin: wọ́n á yan olórí ilé láàárín ara wọn, wọ́n á máa ṣe òfin abẹ́lé, wọ́n á sì máa fọwọ́ sí ètò ìṣúná tí alága bá gbé wá síwájú wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni ilé náà ń dìbò lé lórí. Àfikún Kẹrin ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọjà àti ibùdókọ̀, ibi ìpẹran, itẹ́ òkú, ìkólẹ̀-kódọ̀tí, orúkọ àdúgbò àti nọ́ńbà ara ilé, àkọsílẹ̀ ìbí àti ikú, owó orí ilé, àṣẹ fún kẹ̀kẹ́ àti ọmọlanke. Kò sí ẹni tó ń gbé Ìbàdàn tí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí kì í kàn lójúmọ́, ìbáà ṣe ẹni tó ń tajà ní Bódìjà tàbí ẹni tó ń wọ ọkọ̀ ní Ìwó Road.

Nǹkan méjì ni a máa ń dà pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìbò, ó sì yẹ kí a là wọ́n sọ́tọ̀. Ìbò tí èmi aráàlú bá dì, tèmi ni. N kò dì í fún ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fi jẹ mí níyà, ìdí nìyẹn tí òfin fi ní kí n lọ tẹ̀ka níbi tí ojú kò ti ní rí mi. Ìbò tí káńsẹ́lọ̀ mi bá dì nínú ilé kì í ṣe tirẹ̀. Tèmi ni, ti aládùúgbò mi ni, ti gbogbo ẹni tó wà ní wọ́ọ̀dù náà ni, títí kan àwọn tí kò yàn án. Ohun tó jẹ́ ti ènìyàn, kò yẹ kí wọ́n fi pamọ́ fún un.

Ìtàn wa fi hàn pé a ti yí méjèèjì sódì rí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1990, lábẹ́ ìjọba ológun Ibrahim Babangida, nígbà tó jẹ́ ẹgbẹ́ SDP àti NRC nìkan ni ìjọba fàyè gbà, ìdìbò gbangba ni wọ́n fi yan àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Olùdìbò á tò sórí ìlà ẹni tó fẹ́, wọ́n á sì ka orí wọn lójú gbogbo ayé. Èrò tó bí i kò burú, nítorí ó ṣòro láti yí iye tí gbogbo ojú ti rí padà. Àmọ́ ẹni tó tò sórí ìlà ń wo ojú onílé rẹ̀, ó ń wo ojú ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, ó sì ń wo ojú ẹni tó yá a lówó. Ọ̀pọ̀ ló fẹ́ràn láti jókòó sílé ju kí wọ́n fi ara hàn lọ. A bọ́ aráàlú síhòòhò nígbà náà, ṣùgbọ́n a kò béèrè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n wọlé pé kí wọ́n wá sọ ìbò tiwọn ní gbangba. Ti aráàlú ti padà di àṣírí bó ṣe yẹ. Èkejì ni a kò tíì tún ṣe.

Bí wọ́n ṣe ń dìbò nínú ilé nìyí. Olórí ilé á ka àbá náà, á ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn wí pé bẹ́ẹ̀ ni, kí àwọn tí kò fara mọ́ ọn wí pé bẹ́ẹ̀ kọ́, á fetí sí ariwo tó pọ̀ jù, á kéde, á sì lu òòlù. Mo ti jókòó sẹ́yìn níbi irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ní ọ̀kan nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa. Àbá lórí ìṣúná odidi ọdún kọjá láàárín ìgbà tí ènìyàn lè fi mu ife omi kan, ohùn “bẹ́ẹ̀ ni” sì jáde láti ìhà ibi tí mo ń wò, ṣùgbọ́n n kò lè sọ iye ẹnu tó wí i. Ohun tí akọ̀wé kọ sínú ìwé ni pé ilé fọwọ́ sí i. Ilé wo? Àwọn wo ló wà níjòókòó, ta ni kò wá rárá, ta ni ó dákẹ́, ta ni ó takò ó? Kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ lórí ìwé. Alájọ tó ń kiri ọjà fi àmì sí káàdì oníbàárà kọ̀ọ̀kan fún owó tí kò tó nǹkan, kò sì sí ìyá kankan ní Ọjà Ọba tí yóò gbà kí alájọ wí fún òun pé “ẹ ti dá a” láìjẹ́ pé ó fa ìlà sábẹ́ orúkọ òun.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò ṣàlàyé ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi kéré. Ìwé òfin 1999, ní abala 96, sọ pé ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ pé kí ìpàdé tó lè ṣe ìpinnu. Abala 98 sọ pé ohun tí ó bá ní ìbò tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà níjòókòó tí wọ́n sì dìbò ni yóò borí, àti pé ẹni tó ń darí ìpàdé kò ní dìbò àyàfi bí ìbò bá dọ́gba. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ni abala méjèèjì ń bá wí, òfin ìpínlẹ̀ àti ìwé ìlànà ilé kọ̀ọ̀kan ló sì ń darí àwọn káńsẹ́lọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi òṣùwọ̀n yìí wọn ilé tó ní káńsẹ́lọ̀ 12. Ènìyàn 4 péré ti pé fún ìpàdé. Yọ olórí ilé tó ń darí, ó ku 3. Nínú 3, ẹni 2 ti borí. Bí ẹnì kan nínú 3 náà bá sì dákẹ́ láìwí ohunkóhun, ẹni tó dákẹ́ kò sí nínú ìṣirò, nítorí àwọn tó dìbò nìkan ni òfin ń kà. Ìyẹn ni pé, ní ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ tí àwọn káńsẹ́lọ̀ kò jáde, àwọn wọ́ọ̀dù méjì lè pinnu ọ̀rọ̀ owó fún wọ́ọ̀dù méjìlá, kí gbogbo rẹ̀ sì bófin mu láti òkè délẹ̀.

Ní ìjókòó tí gbogbo wọn bá pé, olórí ilé tó ní 12 kì í sábà ní ohun tí yóò fi ìbò tirẹ̀ ṣe, nítorí 11 ló ń dìbò, 11 kò sì lè pín sí méjì ọgbọọgba. Ní ilé tó ní 11 ọ̀rọ̀ yàtọ̀: 10 ló ń dìbò, wọ́n lè pín sí 5 àti 5, ìbò olórí á wá di èyí tó já ọ̀rọ̀. Irú nǹkan báyìí ni ó yẹ kí a máa gbé yẹ̀ wò kí wọ́n tó yan olórí ilé, dípò kí a máa ka ipò náà sí ẹ̀bùn tí ẹgbẹ́ ń fi tu ẹni tí kò rí tíkẹ́ẹ̀tì alága gbà nínú.

Abala 98 kan náà tún sọ ohun kan tó wù mí púpọ̀: ilé aṣòfin gbọ́dọ̀ ṣe ìlànà pé kí ọmọ ilé tó bá ní èrè tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan kéde rẹ̀, kí ilé sì pinnu bóyá ó lè dìbò lórí rẹ̀ tàbí kò lè dì í. Káńsẹ́lọ̀ tí ẹbí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù nínú ọjà tí wọ́n fẹ́ tún kọ́, tàbí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wá iṣẹ́ gọ́tà, kò yẹ kó dìbò lórí rẹ̀ láìkọ́kọ́ sọ fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe mọ̀ bóyá ó dì í, nígbà tó jẹ́ ariwo ẹnu ni wọ́n fi dì í?

A kò ní láti lọ jìnnà wá àpẹẹrẹ, nítorí ibi tí a ti mú àṣà náà wá ti tún tiwọn ṣe. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ tí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ṣe lọ́dún 1952 tẹ̀ lé ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun ló sì bí ìgbìmọ̀ Ìbàdàn tí Adégòkè Adélabú, gbajúmọ̀ olóṣèlú ìlú náà, di alága rẹ̀ lọ́dún 1954. Nígbà tí ìjọba ẹkùn ní kí wọ́n wádìí ìgbìmọ̀ náà lọ́dún 1955, akọ̀wé ìlú Abingdon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, E. W. J. Nicholson, ni wọ́n yàn láti darí ìwádìí náà, ìwádìí náà ló sì fa bí Adélabú ṣe kúrò nípò lọ́dún 1956. Àwọn àgbà Ìbàdàn ṣì ń jiyàn lórí bóyá òdodo ni wọ́n ń wá tàbí ìṣèlú ni. Ti èmi ni pé méjèèjì wà níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, láti ọdún 2014, òfin ti pa á láṣẹ pé níbi ìpàdé tí ìgbìmọ̀ ìlú bá ti ń fọwọ́ sí ìṣúná, orúkọ ọmọ ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wọ inú àkọsílẹ̀, pẹ̀lú bó ṣe dìbò: ó gbà, kò gbà, tàbí ó yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá béèrè. Ní ti àwọn àbá yòókù, wọ́n ṣì lè na ọwọ́ sókè. Ìyàtọ̀ tí wọ́n fi sí àárín ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ yòókù yìí bọ́gbọ́n mu, òun ni mo sì fẹ́ kí a mú.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn pé kò gbọ́dọ̀ dìgbà tí ẹnì kan bá béèrè ni bí àwọn ilé wa ṣe máa ń rí. Nínú ìdìbò wa, ẹni tó bá ní ìbò jù ní wọ́ọ̀dù ló wọlé, bí kò tilẹ̀ tó ìdajì. Bí ẹgbẹ́ kan bá ní 45 nínú ọgọ́rùn-ún ní gbogbo wọ́ọ̀dù 12, tí ẹgbẹ́ kejì ní 30, tí ẹ̀kẹta sì ní 25, ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ yóò kó gbogbo ìjókòó 12 láìkù kan, àwọn tí wọ́n ju ìdajì olùdìbò lọ kò sì ní ní ẹyọ ohùn kan nínú ilé. Àwọn ìlú kan ti yẹra fún èyí: ìgbìmọ̀ ìlú Cambridge ní Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, ti ń lo ìdìbò tí olùdìbò ti ń to àwọn olùdíje bí ó ṣe fẹ́ wọn sí láti ọdún 1941, àwọn ìgbìmọ̀ ìlú ní Scotland sì bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ lọ́dún 2007. N kò rò pé a óò dé ibẹ̀ láìpẹ́. Ní tiwa, ẹgbẹ́ tó bá ń ṣe ìjọba ìpínlẹ̀ ló máa ń kó ìjọba ìbílẹ̀ wọlé, APC lọ́dún 2018, PDP lọ́dún 2021 àti ní oṣù Kẹrin ọdún 2024. Nínú ilé tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, ta ni yóò dìde pé kí wọ́n ka orúkọ? Ẹni tó bá dìde ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kó tó dìbò rárá. Bí òfin bá ti sọ ọ́ di dandan, kò sí ẹni tí yóò ru ẹ̀bi bíbéèrè.

Àwọn kan tí mo bọ̀wọ̀ fún ti sọ fún mi pé ìmọ̀ràn yìí yóò pa àwọn káńsẹ́lọ̀ tó ní ìgboyà lára, pé bí orúkọ bá ti wà lórí ìwé, àwọn baba ìsàlẹ̀ yóò mọ ẹni tó kọ̀ sí wọn lẹ́nu, wọn kò sì ní fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì mọ́. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Baba ìsàlẹ̀ kò nílò ìwé kankan. Yàrá tí ènìyàn 12 jókòó sí kò ní àṣírí fún ẹni tó ní ọmọ nínú wọn, kí ilẹ̀ tó ṣú wọn á ti pè é lórí fóònù. Àwọn tí ariwo ẹnu ń fi òkùnkùn bò lójú ni ìyá tó ń ta ata, ọmọ iléèwé gíga tó ń kọ́ ìwé nínú òkùnkùn, bàbá tí ọ̀gbàrá wọ ilé rẹ̀. Káńsẹ́lọ̀ tó bá fi ìgboyà takò ohun tí kò tọ́ náà kò rí ẹ̀rí kankan tó lè gbé tọ àwọn ará wọ́ọ̀dù rẹ̀ lọ pé “ẹ wò ó, mo kọ̀ ọ́.” Ìkọ̀kọ̀ náà ń jẹ òun gan-an níyà.

Ibì kan ṣoṣo ni mo ti lè gbà kí ìbò inú ilé jẹ́ àṣírí, ìyẹn nígbà tí wọ́n bá ń yan olórí ilé, nítorí ìbò lórí ènìyàn nìyẹn, ẹni tó bá wọlé sì lè gbẹ̀san lára àwọn tí kò yàn án. Kódà níbẹ̀, kí wọ́n ka ìbò náà lójú gbogbo ilé.

Ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ fìdíhẹ, ìyẹn àwọn tí gómìnà máa ń fi sípò dípò àwọn tí aráàlú dìbò yàn, kò lè ṣàì wọ inú èyí. Abala 7 ìwé òfin sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ tí aráàlú fi ìbò yàn ni ó gbọ́dọ̀ wà. Síbẹ̀, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, gómìnà tuntun, Ṣèyí Mákindé, tú àwọn alága àti káńsẹ́lọ̀ tí wọ́n dìbò yàn lọ́dún 2018 ká. Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi máa dájọ́ ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 2021 pé ìtúká náà lòdì sófin, tí ó sì ní kí wọ́n san owó oṣù àti àjẹmọ́nú wọn, ọjọ́ díẹ̀ ló kù kí sáà wọn parí. Owó ni ẹjọ́ náà lè dá padà. Ìbò tí àwọn káńsẹ́lọ̀ wọ̀nyẹn ìbá dì fún wọ́ọ̀dù wọn láàárín ọdún méjì náà kò ṣeé dá padà. Kì í ṣe ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìkan ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ kan ló ń ṣe é.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kan náà sọ pé gómìnà kankan kò ní agbára láti tú ìgbìmọ̀ tí a dìbò yàn ká, pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà láti Àbújá, àti pé ìjọba ìbílẹ̀ tí kò bá ní àwọn tí a dìbò yàn kò gbọ́dọ̀ rí owó náà gbà. Inú ọ̀pọ̀ wa dùn. Ṣùgbọ́n bí owó náà bá dé gẹ́gẹ́ bí ilé ẹjọ́ ṣe wí, ta ni yóò ṣọ́ ọ? Àwọn káńsẹ́lọ̀ ni, nípa ìbò wọn. Bí ìdájọ́ náà bá kó agbára kúrò lọ́wọ́ gómìnà lọ sọ́wọ́ ilé kan tí a kò lè mọ bí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ ṣe dìbò, a kàn gbé àpótí owó láti yàrá kan sí yàrá mìíràn tí fìtílà kò sí nínú rẹ̀ ni.

Ohun tí mo ń béèrè kò ju kí ilé kọ̀ọ̀kan nínú 11 tó wà ní Ìbàdàn tún ìwé ìlànà rẹ̀ kọ, kí ó sì sọ ọ́ di dandan pé ní ọjọ́ ìṣúná, ní ọjọ́ òfin abẹ́lé tó bá fi owó kún ohun tí aráàlú ń san, àti ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yọ alága tàbí olórí ilé, akọ̀wé yóò máa pe orúkọ káńsẹ́lọ̀ pẹ̀lú wọ́ọ̀dù rẹ̀, onítọ̀hún yóò dáhùn, wọn yóò kọ ọ́, wọn yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níwájú sẹkitéríàtì kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Kò ní gba ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ láti pe orúkọ 12. Kò ní ná wọn ju bébà àti yíǹkì lọ. Mo sì fẹ́ kí wọ́n gbé iye tó gbọ́dọ̀ pé sókè ní ọjọ́ ìṣúná, kí ó má ṣe dín sí ìdajì ilé, nítorí ìṣirò tí mo ṣe lókè.

Kí wọ́n tó ṣe é, àwa náà lè bẹ̀rẹ̀. Òfin òmìnira láti gba ìròyìn ti ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba, láìní láti sọ ìdí tó fi ń béèrè, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dá a lóhùn láàárín ọjọ́ 7. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òfin náà kò yọ àwọn ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí akọ̀wé ilé pé ẹ fẹ́ àkọsílẹ̀ ìpàdé tí wọ́n ti fọwọ́ sí ìṣúná ọdún yìí, orúkọ àwọn tó wà níjòókòó, àti bí káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín ṣe dìbò. Bí wọ́n bá dáhùn pé àwọn kò kọ orúkọ sílẹ̀, ẹ tọ́jú lẹ́tà ìdáhùn náà kí ẹ sì gbé e lọ bá káńsẹ́lọ̀ yín, nítorí òun ló lè gbé àbá àtúnṣe ìwé ìlànà wá síwájú ilé. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ náà kò ṣẹ́yìn: òfin náà gbà á láàyè láti fẹnu béèrè, òṣìṣẹ́ tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un, kí ó sì fún un ní ẹ̀dà kan mú lọ sílé.